Nàìjíríà ní pápá ìjẹko ju Niger lọ lóòótọ́, àmọ́ ẹ jẹ́ ká wo ohun tí nọ́ńbà yẹn ń sọ gan-an

Ẹ dé ìsọ̀ àwọn tó ń ta ajílẹ̀ l'Ọjà Ọba l'Àkúrẹ́, ẹ wọ mọ́tò tó ń lọ Ọ̀wọ̀, ẹ jókòó síbi tí àwọn àgbẹ̀ kòkó ti ń ṣèpàdé ní Ìdànrè, àríyànjiyàn kan náà lẹ máa gbọ́. Ẹnì kan á ní Nàìjíríà ní pápá ìjẹko tó tó mílíọ̀nù 30 hẹ́kítà, pé ó ju ti orílẹ̀-èdè Niger lọ, pé kí wá ni màálù ń wá nínú oko ẹ̀gẹ́ wa? Ẹlòmíì á ní rárá o, koríko ti ń tán ní Òkè Ọya, pé òun rí gíráàfù kan lórí WhatsApp tí ìlà ti Nàìjíríà ń já wálẹ̀, tí ti Niger sì ń gòkè lọ fìà. Àwọn méjèèjì ní nọ́ńbà lọ́wọ́. Àwọn nọ́ńbà náà kì í ṣe irọ́, inú ìwé ìṣirò gidi ni wọ́n ti wá. Ibi tí wàhálà wà ni pé ohun tí wọ́n ń fi nọ́ńbà náà gbè lẹ́sẹ̀ ò sí nínú ẹ̀.

Ọ̀rọ̀ yìí ń ká mi lára. Àwọn àgbẹ̀ wa ti pàdánù oko, àwọn kan ti pàdánù èèyàn wọn, àwọn darandaran náà ti kú, ó wá di pé nọ́ńbà tí kò yé wa la fi ń dájọ́ ẹni tó jàre. Mo fẹ́ tú u palẹ̀ díẹ̀díẹ̀ ni, kó lè yé ẹni tí kò ka ìwé ìṣirò rí láyé ẹ̀.

Mo gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ sọ èyí o: Niger tí mò ń sọ, orílẹ̀-èdè tó bá wa pààlà lókè ni, tí olú ìlú ẹ̀ ń jẹ́ Niamey, kì í ṣe Ìpínlẹ̀ Niger tí Minna wà. Mo ti rí i tí àwọn èèyàn pa méjèèjì pọ̀.

Kí ni wọ́n ń pè ní pápá ìjẹko nínú ìwé ìṣirò?

FAO, àjọ Ìparapọ̀ Orílẹ̀-èdè tó ń rí sọ́rọ̀ oúnjẹ àti iṣẹ́ àgbẹ̀, ló ń kó nọ́ńbà ilẹ̀ gbogbo orílẹ̀-èdè jọ, àkọsílẹ̀ wọn sì bẹ̀rẹ̀ láti 1961. Ohun tí wọ́n ń pè ní pápá ìjẹko tó wà títí ni ilẹ̀ tí wọ́n fi sílẹ̀ fún koríko àti ewéko tí ẹran ń jẹ, fún ọdún 5 ó kéré tán. Koríko náà lè jẹ́ èyí tí èèyàn gbìn, ó lè jẹ́ èyí tó lalẹ̀ hù fúnra ẹ̀. Ọdún 5 yẹn ni kẹ́ ẹ dì mú, torí òun gan-an ló ń ru ọ̀pọ̀ èèyàn lójú.

Ẹ jẹ́ ká mú un wálé. Ká ní bàbá kan n'Ìta-Ògbólú gbin ẹ̀gẹ́, ó wú u tán, ó fi ilẹ̀ náà sílẹ̀ kó sinmi fún ọdún méjì, ẹ̀kan bo ibẹ̀, ewúrẹ́ ń jẹ níbẹ̀, màálù náà ń jẹ níbẹ̀. Lójú èmi àtẹ̀yin, ibi tí ẹran ń jẹko ni. Nínú ìwé FAO, ilẹ̀ oko ló ṣì ń jẹ́, torí ìsinmi ẹ̀ ò tíì pé ọdún 5. Oko kòkó, oko obì, oko ọ̀pẹ, àwọn yẹn ní àyè tiwọn lọ́tọ̀, abẹ́ igi tó ń so fún ọ̀pọ̀ ọdún ni wọ́n ń kọ wọ́n sí. Igbó ìjọba bíi ti Àlà àbí ti Olúwa, igbó ni wọ́n ń kọ ọ́ sí, kódà kí màálù kún inú ẹ̀ fọ́fọ́. Pòròpórò àgbàdo tí ẹran ń jẹ lẹ́yìn ìkórè, orí ilẹ̀ oko ló wà. Koríko etí títì márosẹ̀ Àkúrẹ́ sí Ọ̀wọ̀ ò sí nínú ìwé kankan.

Ṣé ẹ ti ń rí i? Ibi tí màálù ti ń jẹun lóòótọ́ àti ibi tí ìwé pè ní pápá ìjẹko, wọ́n kàn pàdé níbì kan ni, wọn kì í ṣe ohun kan náà. Màálù lè yó láti January dé December láìfi ẹsẹ̀ tẹ hẹ́kítà kan tó wà lórúkọ pápá ìjẹko.

Mílíọ̀nù 30 hẹ́kítà, báwo ló ṣe tóbi tó?

Tí ẹ bá ra púlọ́ọ̀tì ẹsẹ̀ bàtà 60 sí 120 l'Àkúrẹ́ rí, nǹkan bíi púlọ́ọ̀tì 15 irú ẹ̀ ló wà nínú hẹ́kítà kan. Gbogbo Ìpínlẹ̀ Ondo, láti Àkókó dé etí òkun ní Ìlàjẹ, ó lé díẹ̀ ní mílíọ̀nù kan àtààbọ̀ hẹ́kítà. Torí náà, pápá ìjẹko tí wọ́n kọ sílẹ̀ fún Nàìjíríà fẹ́rẹ̀ẹ́ tó Ondo lọ́nà 20. Ilẹ̀ ńlá ni, kò sẹ́ni tó lè jiyàn ẹ̀.

Nọ́ńbà tó wà fún 2011 rèé. Ilẹ̀ Nàìjíríà, láìka omi mọ́ ọn, jẹ́ nǹkan bíi mílíọ̀nù 91 hẹ́kítà, ìdá 33 nínú 100 ẹ̀ ni wọ́n pè ní pápá ìjẹko, ìyẹn mílíọ̀nù 30 àti díẹ̀. Ilẹ̀ Niger tóbi jù tiwa lọ, ó tó nǹkan bíi mílíọ̀nù 127, ìdá 23 nínú 100 ẹ̀ ni pápá ìjẹko, èyí sún mọ́ mílíọ̀nù 29. Nítorí náà ẹni tó ní tiwa jù tiwọn lọ ò parọ́, ó fi mílíọ̀nù kan àtààbọ̀ jù ú lọ. Tó bá jẹ́ ìdá ilẹ̀ la fi wò ó náà, tiwa ló tún pọ̀ jù. Ẹ fi sọ́kàn pé bó ṣe rí lójú ìwé nìyẹn.

Ẹ wá pín in fún èèyàn. Lọ́dún 2011, àwa tó wà ní Nàìjíríà lé ní mílíọ̀nù 160, àwọn ará Niger ò ju bíi mílíọ̀nù 17 lọ. Tí wọ́n bá ní kí kálukú wá gba ìpín tiẹ̀ nínú pápá ìjẹko, ọmọ Nàìjíríà kan ò ní í rí púlọ́ọ̀tì 3 gbà, ọmọ Niger á gba bíi 25. Nọ́ńbà hẹ́kítà fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba, àmọ́ ohun tó ń fún ilẹ̀ lọ́rùn ní orílẹ̀-èdè kan ò jọ ti èkejì rárá, àwọn tó ń gbé gíráàfù kiri kì í sì í fi èyí kún un.

Kí ló dé tí ìlà kan fi ń gòkè, tí èkejì ń já wálẹ̀?

Ibí ni ọ̀rọ̀ ti gbóná. Ìwé ìṣirò tí ìjọba Amẹ́ríkà máa ń tẹ̀ jáde lórí gbogbo orílẹ̀-èdè ayé sọ pé lọ́dún 1993, ìdá 44 nínú 100 ilẹ̀ Nàìjíríà ni pápá ìjẹko, ti Niger jẹ́ ìdá 7 péré. Nígbà tó fi máa di 2011, tiwa ti di 33, ti Niger ti di 23. Tá a bá sọ ọ́ di hẹ́kítà, tiwa kúrò ní nǹkan bíi mílíọ̀nù 40, ó wálẹ̀ sí 30. Ti Niger kúrò ní nǹkan bíi mílíọ̀nù 9, ó gòkè dé 29.

Ẹ dúró ná. Ogún mílíọ̀nù hẹ́kítà koríko tuntun, láàárín ọdún 18, ní orílẹ̀-èdè tí apá tó pọ̀ jù nínú ilẹ̀ ẹ̀ jẹ́ aṣálẹ̀ Sàhárà? Ondo lọ́nà 13 lẹ ń wí yẹn. Ta ló gbìn ín? Òjò wo ló rọ̀ tó mú un hù? Kò sí irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Ibi tí ilẹ̀ náà wà tẹ́lẹ̀ ló wà, ohun tí wọ́n kà mọ́ ọn ló yí padà.

Ká ní ẹnì kan ka ṣọ́ọ̀bù tó wà lójú ọ̀nà Ọba Adésidà lọ́dún kan, kìkì èyí tó ní ilẹ̀kùn, tó ní sáìnbọ́ọ̀dù ló kọ sílẹ̀. Ọdún mélòó kan kọjá, ẹlòmíì wá, ó ka onílẹ̀kùn, ó ka tábìlì abẹ́ agboòrùn, ó ka ìyá tó to ọ̀gẹ̀dẹ̀ sẹ́bàá gọ́tà, gbogbo ẹ̀ ló pè ní ṣọ́ọ̀bù. Nọ́ńbà á lọ sókè lọ́nà mẹ́ta láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni ṣí ìsọ̀ tuntun. Ẹni tó bá wá fi ìlà so nọ́ńbà àkọ́kọ́ mọ́ ìkejì, tó ní ọjà Àkúrẹ́ ti gbèrú, kò parọ́ nọ́ńbà, ṣùgbọ́n ohun tó sọ ò rí bẹ́ẹ̀.

Bó ṣe rí pẹ̀lú Niger nìyẹn. Àgbègbè kan wà láàárín ibi tí wọ́n ti ń gbin ọkà nísàlẹ̀ àti aṣálẹ̀ gidi lókè, koríko ibẹ̀ kúrú, òjò ibẹ̀ ò pọ̀, àwọn darandaran ló sì ń lò ó láti ayébáyé. Tẹ́ ẹ bá kà á sí pápá ìjẹko, nọ́ńbà á fò sókè. Tẹ́ ẹ bá kà á sí ilẹ̀ tí kò wúlò, á wálẹ̀. Nínú ìwé 1993 tí mo wí yẹn, ìdá 88 ilẹ̀ Niger ni wọ́n kó sábẹ́ “ohun mìíràn”, kò ní orúkọ. Inú àpò yẹn ni ọ̀pọ̀ koríko náà wà.

Ohun kan tún wà. FAO lè padà sẹ́yìn kí wọ́n tún nọ́ńbà ọdún àtijọ́ ṣe nígbà tí wọ́n bá rí ìṣirò tó dára jù. Èyí dára gan-an, iṣẹ́ tó yẹ kí wọ́n ṣe ni. Ewu tó wà níbẹ̀ ni pé ẹni tó mú 1993 látinú ìwé tí wọ́n tẹ̀ láyé ọjọ́un, tó mú 2011 látinú ìwé tuntun, tó wá so wọ́n pọ̀, ìwọ̀n méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló fi wọn ilẹ̀ kan. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ fi ọdún wé ọdún, ẹ jẹ́ kó jẹ́ ọjọ́ kan náà, ibì kan náà lẹ ti mú gbogbo nọ́ńbà yín.

Ta ló ń ka ilẹ̀ yìí gan-an?

Lọ́dọọdún FAO máa ń fi fọ́ọ̀mù ránṣẹ́ sí orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan pé kí wọ́n kọ bí ilẹ̀ wọn ṣe pín. Àwọn kan á dáhùn dáadáa, àwọn kan á dáhùn ìlàjì, àwọn kan ò ní í dáhùn rárá. Níbi tí ìdáhùn ò bá ti sí, àwọn oníṣirò FAO á fojú díwọ̀n ẹ̀, àbí kí wọ́n gbé ti ọdún tó kọjá síbẹ̀. Wọn kì í fi pamọ́ o. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan, lẹ́tà kékeré kan wà níbẹ̀: A dúró fún èyí tí orílẹ̀-èdè fúnra ẹ̀ sọ, E dúró fún èyí tí wọ́n fojú díwọ̀n, I sì ni èyí tí wọ́n fi ìṣirò dí àyè tó ṣófo. Tí ẹni kan bá ya gíráàfù, lẹ́tà yẹn ni ohun àkọ́kọ́ tó máa ń sọnù. Gbogbo ẹ̀ á wá di ìlà kan tó jọ̀lọ̀, tó dà bíi pé ẹnì kan fi téèpù wọn pápá láti Sókótó dé Máídúgùrì.

Ẹ tún máa fura sí nọ́ńbà tó bá pé geerege, bíi mílíọ̀nù 40 gbáko, tó sì ń tún ara ẹ̀ sọ lọ́dún dé ọdún. Ilẹ̀ kì í dúró sójú kan bẹ́ẹ̀.

Ṣé pápá ìjẹko Nàìjíríà dín kù lóòótọ́ àbí ìṣirò nìkan ni?

Ó dín kù. Mi ò lè fọwọ́ sọ̀yà pé mílíọ̀nù 10 gan-an ló lọ, àmọ́ ọ̀nà tó gbà lọ hàn gbangba.

Nígbà tá a gba òmìnira ní 1960, nǹkan bíi mílíọ̀nù 45 ni wá. Lónìí a ti lé ní mílíọ̀nù 200. Ẹnu gbogbo wa ló ń jẹun, oko ló ń bọ́ wa, oko tuntun sì gbọ́dọ̀ wá látibì kan. Àwọn tó fi fọ́tò sátẹ́láìtì wo Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà láti 1975 sí 2013 rí i pé ilẹ̀ oko lágbègbè wa di ìlọ́po méjì láàárín àsìkò náà. Sátẹ́láìtì kì í gba fọ́ọ̀mù, ohun tó bá rí ló ń sọ, ìdí nìyẹn tí mo fi gba èyí gbọ́ ju ìlà gíráàfù lọ.

Ibi tí oko gbà ló tún ṣe pàtàkì ju bó ṣe tóbi tó lọ. Ní Òkè Ọya, ilẹ̀ tó níyì jù fún màálù nígbà ẹ̀ẹ̀rùn ni ilẹ̀ àbàtà etí odò tí wọ́n ń pè ní fàdámà, torí pé nígbà tí gbogbo ibi tó kù bá ti gbẹ kanranjángbọn, koríko tútù ṣì wà níbẹ̀. Wọ́n kọ́ ìdídò Tiga ní Kano, wọ́n parí ẹ̀ ní 1974, wọ́n kọ́ Bakolori lápá Sókótó láwọn ọdún tó tẹ̀ lé e, omi tó máa ń ya bo àbàtà tẹ́lẹ̀ dín kù, ibi tó kù sì di oko tòmátì, àlùbọ́sà àti ìrẹsì. Mo fara mọ́ ọn pé kí wọ́n gbin oúnjẹ, tòmátì tá à ń jẹ l'Àkúrẹ́ ibẹ̀ ló ti ń wá. Àmọ́ hẹ́kítà kan nínú fàdámà lè gba ẹran là lóṣù March ju ọ̀pọ̀ hẹ́kítà ilẹ̀ gbígbẹ lọ, nígbà tí nínú ìwé, hẹ́kítà kan ni hẹ́kítà kan.

Ẹ tún wo ilẹ̀ tí ìjọba yà sọ́tọ̀ fún ẹran. Òfin tó dá a sílẹ̀ ní Àríwá jáde ní 1965. Nọ́ńbà tí wọ́n máa ń dárúkọ ni ibi 415, tí gbogbo ẹ̀ lápapọ̀ lé ní mílíọ̀nù 4 hẹ́kítà. Nínú 415 yìí, 141 péré ni wọ́n kọ sínú ìwé ìjọba bó ṣe yẹ. Ìyókù wà lẹ́nu. Ilẹ̀ tí kò ní ìwé, ẹ̀yin náà mọ ohun tó máa ń ṣẹlẹ̀ sí i nílẹ̀ yìí, àgbẹ̀ á wọ ibẹ̀, onílé á wọ ibẹ̀, olóṣèlú á pín in. Ọ̀nà tí ẹran ń gbà kọjá, èyí tí wọ́n ń pè ní búrtàlì, ọ̀pọ̀ ẹ̀ ti di oko àti ilé.

Ṣé ti Niger wá ń pọ̀ sí i ni?

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lórí ilẹ̀ ní Niger yàtọ̀ sí ohun tí gíráàfù ń sọ, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ òdìkejì ẹ̀.

Niger ṣe òfin kan ní 1961 tó fa ìlà sí àríwá, pé lókè ìlà yìí, ilẹ̀ àwọn darandaran ni, ẹni tó bá lọ dáko síbẹ̀ tí ẹran jẹ ẹ́, kò gbọdọ̀ wá béèrè owó gbà-má-bínú. Ibi tí wọ́n fa ìlà náà sí bá ibi tí òjò ò ti ju mílímítà 350 lọ lọ́dún mu. Kẹ́ ẹ lè mọ bí ìyẹn ṣe kéré tó, òjò Àkúrẹ́ níbí máa ń lé ní 1,300. Lọ́dún 2010 wọ́n tún ṣe òfin tuntun tó dá ẹ̀tọ́ darandaran mọ̀, pé wọ́n lẹ́tọ̀ọ́ láti máa kó ẹran wọn rìn, àti pé ilẹ̀ ìjẹko jẹ́ ti gbogbo èèyàn.

Òfin wà, àmọ́ ebi ò mọ òfin. Àwọn ará Niger tí kò ju mílíọ̀nù 3 àti díẹ̀ lọ ní 1960 ti lé ní mílíọ̀nù 25 báyìí, àgbẹ̀ ń wá ilẹ̀, wọ́n ti kọjá ìlà yẹn lọ sókè láìmọye ìgbà. Ọ̀dá ọdún 1972 sí 1973 àti ti 1983 sí 1984 pa ẹran lọ bẹẹrẹ, ó sì lé ọ̀pọ̀ darandaran wá sísàlẹ̀, títí kan Nàìjíríà. Torí náà, lásìkò kan náà tí nọ́ńbà inú ìwé ń gòkè, ọ̀bẹ oko ń gé pápá àwọn darandaran Niger kù láti ìsàlẹ̀ wá. Ẹni tó bá ń fi ìlà gíráàfù náà sọ pé kí darandaran padà sí Niger torí koríko ti ń pọ̀ níbẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kó mọ èyí.

Ṣé hẹ́kítà kan nibí dọ́gba pẹ̀lú hẹ́kítà kan lọ́hùn-ún?

Kò dọ́gba, kò sì rí bí èèyàn ṣe máa kọ́kọ́ rò ó. Ẹni tó bá rí eèsún tó ga ju èèyàn lọ lẹ́bàá ọ̀nà Ọ̀fọ̀sù á ní ṣebí oúnjẹ màálù ló kún ibí. Tí eèsún bá ṣì jẹ́ ọ̀jẹ̀lẹ́, lóòótọ́ ni, oúnjẹ gidi ni. Tó bá ti ga tán, igi ló dà, ara ẹ̀ le, màálù á jẹ ẹ́ kún inú láìrí nǹkan kan fi sára. Koríko kúkurú ti apá Niger, tí òjò fẹ́ẹ́rẹ́ mú hù fún oṣù mẹ́ta péré, ó kéré níye àmọ́ ó lóúnjẹ nínú. Ìdí nìyẹn tí darandaran tó mọṣẹ́ fi máa ń kó ẹran lọ sókè lásìkò òjò, tó ń kó o wá sísàlẹ̀ lásìkò ẹ̀ẹ̀rùn. Kò sọnù o, koríko ló ń tẹ̀ lé.

Àìsàn náà wà níbẹ̀. Ẹṣinṣin tsetse tó máa ń fún màálù lárùn oorun ni kò jẹ́ kí àwọn màálù oníké funfun lè gbé inú igbó wa pẹ́ láyé àtijọ́, kìkì àwọn màálù kékeré ilẹ̀ wa tí wọ́n ń pè ní mútúrù ló ń fara dà á. Bá a ṣe ń gé igbó tí à ń fi dáko, ẹṣinṣin náà ń sá, oògùn sì ti wà, ọ̀nà wá ṣí fún màálù láti dúró níbi tí kò lè dúró sí tẹ́lẹ̀. Kò sí gíráàfù pápá ìjẹko kankan tó máa fi ìyẹn hàn yín.

Bẹ́ẹ̀ náà ni bọ́dà. Gíráàfù fa ìlà méjì lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ bíi pé ẹran Niger ń jẹ koríko Niger, tiwa ń jẹ tiwa. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ẹran láti Niger ń wọ Nàìjíríà, ó sì ti rí bẹ́ẹ̀ kí òyìnbó tó fa bọ́dà. ECOWAS pàápàá ṣe ìlànà lé e lórí ní 1998, pé kí ẹran tó bá máa kọjá ní ìwé ẹ̀rí, kí wọ́n ti gún un lábẹ́rẹ́, kó sì gba ojú ọ̀nà tí wọ́n là sílẹ̀. Bí wọ́n ṣe ń tẹ̀ lé e ni ẹjọ́ mìíràn.

Ondo wá ńkọ́?

Nínú mílíọ̀nù 30 yẹn, tiwa ò tó nǹkan. Igbó òjò lapá tó pọ̀ jù nílẹ̀ wa, kòkó, igbó ìjọba àti oko oúnjẹ ló pín in. Apá Àkókó lókè ló ń jọ ilẹ̀ ọ̀dàn, ibẹ̀ náà sì ni ìjọba Ìwọ̀-oòrùn àtijọ́ gbé ọgbà màálù Àkùnnù sí. Ẹni tó bá yan ibẹ̀ nígbà yẹn mọ ohun tó ń ṣe, ó wo koríko kó tó wo òṣèlú.

Lóṣù January 2021, olóògbé Gómìnà Rótìmí Akérédolú ní kí darandaran tí kò forúkọ sílẹ̀ jáde nínú igbó ìjọba láàárín ọjọ́ 7. Ní May ọdún náà, àwọn gómìnà Gúúsù pàdé l'Asaba, wọ́n fòfin de fífi ẹran jẹ̀ káàkiri, nígbà tó di 31 August, òfin ti Ondo ti gba ìbuwọ́lù. Ariwo pọ̀ gan-an lásìkò yẹn, ìgbà náà sì ni nọ́ńbà mílíọ̀nù 30 yìí di ohun tí kálukú ń fi ṣe ohun ìjà. Ẹni tó fẹ́ òfin náà ń lò ó láti sọ pé ilẹ̀ wà fún wọn lókè, ẹni tó lòdì sí i ń lò ó láti sọ pé pápá ti ń tán ni. Nọ́ńbà náà ò lè gbe ẹnikẹ́ni nínú wọn. Kò sọ bí koríko ṣe dára tó lóṣù March, kò sọ iye màálù tó wà lórí hẹ́kítà kan, kò sọ ẹni tó ní ilẹ̀ náà, kò sì sọ bóyá omi wà níbẹ̀. Èrò tèmi ni pé òfin tó ní kí ẹran má ba oko jẹ́ tọ́, ẹ̀tọ́ àgbẹ̀ ni, a ò sì nílò nọ́ńbà hẹ́kítà kankan ká tó sọ bẹ́ẹ̀.

Ohun tí nọ́ńbà wúlò fún ni ètò. Lóṣù July 2024 ìjọba àpapọ̀ kéde pé àwọn máa dá iléeṣẹ́ ìjọba sílẹ̀ fún ọ̀rọ̀ ẹran ọ̀sìn nìkan. Tí wọ́n bá máa ṣe iṣẹ́ gidi, ẹ jẹ́ kí wọ́n kọ́kọ́ wọn pápá ìjẹko ní ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú sátẹ́láìtì àti ẹsẹ̀, kí wọ́n sọ èyí tó ní omi, kí wọ́n sọ èyí tó ní ìwé. Nígbà náà fọ́ọ̀mù FAO tí wọ́n ń fi ránṣẹ́ lọ́dọọdún á ní ohun tí a lè kọ sí i, lẹ́tà ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ á sì jẹ́ A.

Tí ẹnì kan bá sì fẹ́ gbin koríko fún màálù l'Àkókó, kó rántí ọdún 5 tá a sọ lẹ́ẹ̀kan. Tó bá gbin eèsún fún ọdún 3, tó ń gé e fún ẹran, tó wá yí ilẹ̀ náà padà sí àgbàdo lọ́dún kẹrin, ẹran ẹ̀ á yó dáadáa, owó á wọlé fún un, ṣùgbọ́n nínú ìwé, ilẹ̀ oko ló fi dá gbogbo ẹ̀, kò ní í fi hẹ́kítà kan kún pápá ìjẹko Nàìjíríà.